Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Kí Orúkọ àti Nọ́ńbà Yín Bára Mu Nínú Gmail, iCloud, Outlook àti Yahoo

Ẹni tí ó ń lo fóònù Android, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún ní àdírẹ́sì Outlook, tí àdírẹ́sì Yahoo tí ó ti ṣí láti ọdún pípẹ́ kò sì tíì kú, ti ní ìwé orúkọ mẹ́ta lọ́wọ́, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Bí oníbàárà kan bá pààrọ̀ nọ́ńbà, tí ẹni náà sì tún un ṣe lórí fóònù, Gmail yóò gba àtúnṣe náà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà àtijọ́ ṣì jókòó sínú Outlook, òun náà ni yóò sì bá pàdé lọ́jọ́ tí ó bá ń wá oníbàárà yẹn lórí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí ó fẹ́ kí àtúnṣe tí òun bá ṣe níbì kan dé ibi yòókù láìjẹ́ pé òun tún ń tẹ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Kíkó orúkọ láti ibì kan lọ sí ibòmíràn kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kí ibi méjèèjì máa bára mu. Bí ẹ bá kó fáìlì jáde láti inú Gmail, tí ẹ sì gbé e sínú Outlook, bí nǹkan ṣe rí lọ́jọ́ náà nìkan ni Outlook mọ̀. Ẹni tí ẹ bá fi kún Gmail lọ́la kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láéláé, àfi kí ẹ tún kó o. Ìbáramu, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní sync, jẹ́ ìsopọ̀ tí ẹ̀rọ ń lò láti máa béèrè lọ́wọ́ àkáǹtì kan lóòrèkóòrè pé kí ló ti yí padà. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń ráhùn pé ìbáramu àwọn kò ṣiṣẹ́, kíkó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe, wọn kò so nǹkan kan mọ́ nǹkan kan.

Orí èrò kan ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé: kí ẹ yan àkáǹtì kan ṣoṣo ní orísun, kí gbogbo ẹ̀rọ àti áàpù yòókù máa ka orúkọ láti inú rẹ̀, kí wọ́n sì máa kọ àtúnṣe padà sínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí àkáǹtì mẹ́ta máa kọ̀wé sínú ara wọn ń gbìyànjú láti fi ọwọ́ mẹ́ta wa ọkọ̀ kan.

Ibi tí orúkọ yín wà gan-an

Ẹ má ṣe gbà pé orúkọ tí ẹ rí lórí fóònù wà nínú Gmail. Fóònù máa ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan, kó sì tò wọ́n ní A dé Z, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan nínú wọn wà lórí SIM, àwọn kan wà nínú ìrántí fóònù fúnra rẹ̀, àwọn mìíràn sì wà nínú àkáǹtì. Lórí iPhone, ẹ ṣí Contacts, kí ẹ tẹ “Lists” lókè lápá òsì, ẹ ó sì rí àkáǹtì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye orúkọ tí ó wà nínú rẹ̀. Lórí Android, ẹ ṣí áàpù Contacts ti Google, kí ẹ tẹ àwòrán yín lókè lápá ọ̀tún, ẹ ó sì lè wo àkáǹtì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, títí kan ohun tí ó wà lórí fóònù nìkan. Àwọn tí ń lo Samsung ní láti ṣọ́ra díẹ̀ sí i, nítorí fóònù wọn lè máa fi orúkọ tuntun pamọ́ sínú àkáǹtì Samsung láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti SIM ni ó yẹ kí a mójú tó jù. Orúkọ kúkúrú àti nọ́ńbà ni SIM sábà máa ń gbà, kò sì sí ìbáramu kankan tí ó ń lọ láti orí rẹ̀ sí ímeèlì. Ọjọ́ tí ó bá sọnù ni gbogbo ohun tí ó wà lórí rẹ̀ bá a lọ. Nínú áàpù Contacts ti Google, ẹ lọ sí “Organize”, kí ẹ sì tẹ “Import from SIM”, kí ẹ wá yan àkáǹtì Google yín gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọn yóò lọ. Láti ìparí ọdún 2024 ni WhatsApp náà ti ń jẹ́ kí èèyàn lè fi orúkọ pamọ́ sínú WhatsApp nìkan. Bí ẹ bá ń fi nọ́ńbà pamọ́ láti ibẹ̀, ẹ wò ó dáadáa bóyá ẹ ti ní kí ó lọ sórí fóònù pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ímeèlì kankan kò ní mọ ẹni náà.

Gmail tún ní àpò kan tí ń jẹ́ “Other contacts”, níbi tí ó ń kó àwọn tí ẹ ti kọ̀wé sí rí sí. Wọn kì í wá sórí fóònù. Bí ẹni pàtàkì bá wà níbẹ̀, ẹ ṣí orúkọ rẹ̀, kí ẹ fi í kún ojúlówó ìwé orúkọ yín.

Èwo ni kí ó jẹ́ orísun?

Bí fóònù Android kan ṣoṣo bá wà láàárín àwọn ẹ̀rọ tí ẹ ń lò, ẹ fi Gmail ṣe orísun. iPhone, Mac, Android àti Thunderbird (áàpù ímeèlì orí kọ̀ǹpútà) ni wọ́n lè so mọ́ ọn láìsí wàhálà. iCloud dára fún ẹni tí gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ ti Apple, nítorí Android kò ní ibi tí ẹ lè fi àkáǹtì iCloud sí nínú ètò rẹ̀. Ẹ má ṣe fi àkáǹtì Outlook tí ilé iṣẹ́ fún yín ṣe orísun. Ilé iṣẹ́ ló ni ín, ọjọ́ tí ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni wọn yóò tì í, àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ yín yóò sì há sínú rẹ̀. Bákan náà ni kò yẹ kí ẹ máa da orúkọ àwọn oníbàárà ilé iṣẹ́ sínú Gmail tara yín láìgba àṣẹ. Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà, tí a fọwọ́ sí ní ọdún 2023, ka irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀ sí ohun tí a kò gbọdọ̀ fi ṣeré.

Nínú àwọn àpẹẹrẹ ìsàlẹ̀ yìí, Gmail ni mo mú gẹ́gẹ́ bí orísun, nítorí pé òun ni yóò bá ọ̀pọ̀ èèyàn mu.

Ẹ̀dà ìpamọ́ ló ṣáájú

Kí ẹ tó so ohunkóhun mọ́ ohunkóhun, ẹ kó gbogbo ìwé orúkọ jáde, kí ẹ sì fi fáìlì wọn pamọ́ síbi tí ẹ ti lè rí i. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lọ sí contacts.google.com, kí ẹ tẹ “Export”. Google yóò fún yín ní oríṣi mẹ́ta: Google CSV, Outlook CSV àti vCard. Ẹ gba Google CSV àti vCard. Fún iCloud, ẹ wọlé sí icloud.com, ẹ ṣí Contacts, ẹ yan gbogbo orúkọ, kí ẹ sì lo “Export vCard”. Nínú Outlook.com, ẹ lọ sí ojú ewé People, ẹ tẹ “Manage contacts”, lẹ́yìn náà “Export contacts”, CSV ni yóò sì fún yín. Yahoo Mail náà ní “Export” nínú ojú ewé Contacts tirẹ̀. Ẹ fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí ó sọ ibi tí ó ti wá àti ọjọ́ tí ẹ kó o jáde.

Ó dára kí ẹ mọ ohun tí ó wà nínú fáìlì wọ̀nyí. vCard, tí orúkọ rẹ̀ máa ń parí sí .vcf, jẹ́ ìwé lásán tí ẹ lè fi Notepad ṣí. Bí ẹnì kan ṣe máa ń rí nínú rẹ̀ nìyí:

BEGIN:VCARD
VERSION:3.0
FN:Ìyá Bísí
ORG:Aláṣọ
TEL;TYPE=CELL:+234803XXXXXXX
END:VCARD

Ẹ̀yà 3.0 yìí ti wà láti ọdún 1998, 4.0 jáde ní 2011, ṣùgbọ́n 3.0 ni Google àti iCloud ṣì ń kó jáde. Ní ọdún 2011 yẹn kan náà ni ìlànà CardDAV jáde, èyí tí ẹ̀rọ kan fi ń bá àkáǹtì sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa ìwé orúkọ. Google, Apple àti Yahoo gbọ́ èdè CardDAV. Outlook.com kò gbọ́ ọ, ibẹ̀ sì ni ìdí tí òun fi máa ń yọ wá lẹ́nu jù. A óò dé orí rẹ̀.

CSV ní tirẹ̀ jẹ́ àtẹ, orúkọ kan lórí ìlà kan. Bí ẹ bá kàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí Excel ṣí i, nǹkan méjì lè bàjẹ́ lójú yín. Lákọ̀ọ́kọ́, Excel yóò rò pé iye owó tàbí ìṣirò ni nọ́ńbà fóònù, yóò yọ òdo iwájú 0803 dànù, tàbí kó sọ +234803 àti ohun tó tẹ̀ lé e di 2.34803E+12. Èkejì, àmì ohùn àti ọ̀rọ̀ tí ó ní àmì lábẹ́ lè di kántankàntan, tí Adébọ́lá yóò fi wá di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Bí ẹ bá wá tẹ “Save” nígbà náà, ìbàjẹ́ náà ti wọ fáìlì lọ nìyẹn. Dípò kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ṣí Excel lófìfo, ẹ lọ sí “Data”, ẹ yan “From Text/CSV”, kí ẹ fi “File Origin” sí “65001: Unicode (UTF-8)”, kí ẹ sì yí òpó nọ́ńbà padà sí “Text” kí ẹ tó gbé e wọlé. Ẹni tí ó bá ń lo Google Sheets lè yọ àmì kúrò níwájú “Convert text to numbers, dates, and formulas” nígbà tí ó bá ń gbé fáìlì wọlé. Bí kò bá sì sí ìdí pàtàkì tí ẹ fi fẹ́ ṣàtúnṣe nínú àtẹ, ẹ má ṣí CSV rárá.

Ẹ tún orúkọ àti nọ́ńbà ṣe kí ẹ tó so wọ́n pọ̀

Apá yìí ni àwọn èèyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ló ń mú kí orúkọ kan náà jáde lẹ́ẹ̀mẹ́rin lẹ́yìn ìsopọ̀. Ẹ̀rọ lè ka 0803 àti +234 803 sí ẹni méjì, pàápàá bí a bá kọ orúkọ ẹni náà ní ọ̀nà méjì. Nítorí náà, ẹ fi gbogbo nọ́ńbà pamọ́ pẹ̀lú àmì + àti nọ́ńbà orílẹ̀-èdè. Nọ́ńbà fóònù alágbèéká ti Nàìjíríà ní ẹyọ 11; ẹ yọ òdo iwájú, kí ẹ fi +234 rọ́pò rẹ̀. Nọ́ńbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 07 yóò di +44 7. Èyí ṣe pàtàkì gan-an fún ẹni tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, tí ó sì ní ẹbí nílé, nítorí 0803 láìsí +234 kò ní dún níbì kankan bí ó bá ń pè é lórí SIM òkè òkun.

Àwọn tí ó ní èèyàn ní Kútọnu, Pọ́tónóvò tàbí Kétu ní iṣẹ́ díẹ̀ sí i. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni orílẹ̀-èdè Benin sọ nọ́ńbà rẹ̀ di ẹyọ 10 dípò 8, nípa fífi 01 ṣáájú èyí tí ó wà tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà tí ó jẹ́ +229 àti ẹyọ 8 tẹ́lẹ̀ ti di +229 01 àti ẹyọ 8 náà báyìí. Ẹ má ṣe yọ òdo inú 01 yìí bí ẹ ṣe ń yọ ti Nàìjíríà. Ó jẹ́ ara nọ́ńbà náà gan-an. Bí àwọn ará Benin bá pọ̀ nínú ìwé yín, àkókò yìí, tí ohun gbogbo ṣì wà nínú fáìlì kan, ni ó rọrùn jù láti tún un ṣe.

Ní ti orúkọ, a fẹ́ràn láti máa kọ “Bọ̀dá Rájí Mẹkáníìkì” tàbí “Ìyá Bísí Aláṣọ Gbàgì” sínú àyè orúkọ, fóònù kò sì kọ̀ ọ́. Outlook ni yóò kọ̀ ọ́. Outlook sábà máa ń to èèyàn pẹ̀lú orúkọ ìdílé ṣáájú, yóò sì sọ mẹkáníìkì di orúkọ ìdílé Bọ̀dá Rájí. Ẹ fi orúkọ sí àyè orúkọ, kí ẹ fi iṣẹ́ tàbí ọjà sí “Company”, kí àlàyé tó kù lọ sí “Notes”. Ìwákiri ṣì máa ń rí ohun tí ó wà ní “Company”, nítorí náà ẹ kò pàdánù nǹkan kan bí ó bá jẹ́ pé “mẹkáníìkì” ni ẹ mọ̀ ọ́n sí.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn náà wà níbẹ̀. Lẹ́tà bí ọ́ lè wọ inú kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà tí ó ju ẹyọ kan lọ, ó sinmi lé kíbọ́ọ̀dù tí ẹ lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò lè rí ìyàtọ̀ wọn. Adébọ́lá tí ẹ tẹ̀ lórí fóònù àti Adébọ́lá tí ẹ tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ẹni méjì. Kíbọ́ọ̀dù kan náà ni kí ẹ máa fi kọ orúkọ, tàbí kí ẹ kọ orúkọ láìlámì. Èmi fẹ́ràn kí orúkọ èèyàn pé pérépéré pẹ̀lú àmì rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní bá ẹni tí ó yan ìrọ̀rùn jà.

Kíkó gbogbo rẹ̀ jọ sínú orísun

Ẹ padà sí contacts.google.com, ẹ tẹ “Import”, kí ẹ yan fáìlì vCard tí ó wá láti iCloud. Bí ó bá ti wọlé tán, ẹ gbé ti Outlook àti ti Yahoo wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Google kì í gbà ju orúkọ 3,000 lọ lẹ́ẹ̀kan, àpapọ̀ tí àkáǹtì kan sì lè gbà jẹ́ 25,000, nítorí náà ẹni tí fáìlì rẹ̀ bá pọ̀ jù ní láti pín in. Ohun kan tí ó wúlò níbẹ̀ ni pé gbogbo ohun tí ẹ bá gbé wọlé lẹ́ẹ̀kan ni Google yóò fi àkọlé ọjọ́ ìwọlé rẹ̀ sí lára. Bí ẹ bá rí i pé fáìlì kan kò dára, ẹ lè yan gbogbo ohun tí ó wà lábẹ́ àkọlé náà, kí ẹ sì pa wọ́n rẹ́ láìfọwọ́ kan ti tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tẹ “Merge & fix”. Google yóò tò àwọn tí ó jọ ara wọn fún yín, yóò sì fún yín ní bọ́tìnnì kan tí ó lè da gbogbo wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má ṣe kánjú tẹ bọ́tìnnì yẹn. Nínú ìwé orúkọ tiwa, bàbá àti ìyá lè máa lo nọ́ńbà kan, ọmọ ọ̀dọ̀ lè máa gba ìpè lórí nọ́ńbà ọ̀gá, ẹni méjì sì lè máa jẹ́ Tóyìn. Ẹ wo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kódà bí ó bá gba ìrọ̀lẹ́ kan.

CSV kì í gbé àwòrán fúnra rẹ̀. Àkọlé tí ẹ fi pín àwọn èèyàn sí ẹgbẹ́ náà kì í sábà rìn dáadáa láti iṣẹ́ kan sí èkejì. Bí ẹ bá ní ẹgbẹ́ bíi “Ìjọ” tàbí “Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù”, ẹ ṣètò láti tún un ṣe nínú orísun.

Síso àwọn ẹ̀rọ yòókù mọ́ Gmail

Lórí Android, ẹ lọ sí Settings, sí àkáǹtì Google yín, kí ẹ wò ó pé “Contacts” wà ní títàn lábẹ́ “Account sync”. Lẹ́yìn náà, nínú ètò áàpù Contacts, ẹ fi “Default account for new contacts” sí àkáǹtì Google náà.

Lórí iPhone tí ó ní iOS 18 tàbí èyí tí ó tẹ̀ lé e, ẹ lọ sí Settings, “Apps”, “Contacts”, “Contacts Accounts”, “Add Account”, kí ẹ yan Google, kí ẹ sì wọlé. Nínú iOS tí ó ṣáájú, ẹ kò ní láti gba inú “Apps” kọjá. Ẹ tan “Contacts”. Ìgbésẹ̀ tí ó kù ni èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé: ẹ padà sí ojú ewé Contacts nínú Settings, kí ẹ yí “Default Account” sí Gmail. Bí ẹ kò bá ṣe é, ẹni tí ẹ bá fi pamọ́ lónìí yóò ṣì máa wọ iCloud lọ, ẹ ó sì máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí kò sí nínú Gmail.

Nígbà tí ẹ bá ti rí i dájú pé gbogbo ohun tí ó wà nínú iCloud ti wà nínú Gmail, ẹ pa Contacts ti iCloud: Settings, orúkọ yín lókè, iCloud, “See All”, Contacts. iPhone yóò béèrè bóyá kí ó fi orúkọ sílẹ̀ sórí fóònù tàbí kí ó pa wọ́n rẹ́ lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ní kí ó fi wọ́n sílẹ̀, ẹ ó rí gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní kí ó pa wọ́n rẹ́ lórí fóònù. Èyí tí ó wà lórí icloud.com kò ní kúrò níbẹ̀, fáìlì ìpamọ́ yín sì wà.

Fún Thunderbird, tí ó ti ní CardDAV nínú ara rẹ̀ láti ẹ̀yà 91 ti ọdún 2021, ẹ ṣí Address Book, ẹ yan “Add CardDAV Address Book”, kí ẹ tẹ àdírẹ́sì Gmail yín. Fèrèsé Google yóò ṣí kí ẹ wọlé, ó sì tán. Ẹni tí ó bá ta kú pé iCloud ni orísun òun, tí ó sì ní fóònù Android, yóò nílò áàpù tí ó gbọ́ èdè CardDAV, bíi DAVx⁵, àdírẹ́sì contacts.icloud.com, àti ọ̀rọ̀ aṣínà ọ̀tọ̀ tí Apple ń ṣe fún áàpù, èyí tí ó wà ní account.apple.com lábẹ́ “Sign-In and Security”. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ fi ń wọ iCloud lójoojúmọ́ kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Yahoo náà ń béèrè irú ọ̀rọ̀ aṣínà ọ̀tọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ áàpù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti kó orúkọ inú rẹ̀ jáde tán, n kò rí ìdí tí ẹ fi máa dá a dúró gẹ́gẹ́ bí ìwé orúkọ mọ́.

Ti Outlook

Bí ó bá jẹ́ Outlook tuntun ti Windows ni ẹ ń lò, ọ̀nà kúkúrú wà: ẹ fi àkáǹtì Gmail yín kún un. Pẹ̀lú àṣẹ yín, Microsoft yóò máa mú ímeèlì, orúkọ àti ohun tí ó wà nínú kàlẹ́ńdà Google bára mu nípasẹ̀ àwọn ẹ̀rọ tirẹ̀, ẹ ó sì rí àwọn orúkọ Gmail nínú People. Ẹ mọ̀ pé lábẹ́ àkáǹtì Gmail ni wọn yóò wà, wọn kò di ti àkáǹtì Outlook.com yín. Fún ẹni tí ó kàn fẹ́ rí nọ́ńbà nígbà tí ó bá ń kọ̀wé, ìyẹn tó.

Outlook àtijọ́ ti Windows kò ní ọ̀nà yìí, ṣùgbọ́n ó ń gba àfikún (add-in), ìyẹn ètò kékeré tí a ń so mọ́ ọn kí ó lè ṣe ohun tí kò lè dá ṣe. Outlook CalDav Synchronizer jẹ́ ọ̀kan tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí ó sì lè so ó mọ́ ìwé orúkọ Google. Outlook tuntun kò gba irú àfikún bẹ́ẹ̀.

Bí ilé iṣẹ́ yín bá ti gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí pa, ẹ lè máa fi ọwọ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lóṣù: ẹ gba Outlook CSV láti Gmail, ẹ pa àwọn orúkọ tara yín tí ẹ gbé wá tẹ́lẹ̀ rẹ́ kúrò nínú Outlook, kí ẹ sì gbé tuntun wọlé. Láti Gmail lọ sí Outlook nìkan ni kí ó máa rìn. Ẹ má ṣe tún orúkọ ṣe nínú Outlook, nítorí ìkówọlé tí ó kàn yóò pa àtúnṣe yẹn rẹ́.

Àwọn iṣẹ́ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ń gba owó oṣooṣù láti máa mú Gmail àti Outlook bára mu. Àwọn kan dára. Kí ẹ tó fún èyíkéyìí láyè, ẹ béèrè bóyá ọ̀nà kan ni ó ń gbé orúkọ gbà tàbí ọ̀nà méjì, àti ohun tí yóò ṣe bí ẹ bá pa orúkọ rẹ́ ní apá kan. Ẹ má sì jẹ́ kí ìsopọ̀ di òbìrí, tí iCloud ń kọ sínú Gmail, tí Gmail ń kọ sínú Outlook, tí Outlook tún ń kọ padà sínú iCloud. Bí ọ̀kan bá ṣi orúkọ kan kà gẹ́gẹ́ bí tuntun, yóò máa yí po láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yóò sì máa bí sí i. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé náà tún wà níbẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tí àwọn áàpù ayánilówó fi ìwé orúkọ àwọn èèyàn ṣe ní Nàìjíríà, tí wọ́n ń ránṣẹ́ ìtìjú sí ẹbí àti ọ̀gá ẹni tí ó jẹ wọ́n. Ní 2023 ni Google fòfin de irú áàpù bẹ́ẹ̀ láti máa wo orúkọ inú fóònù. Ẹ lọ sí myaccount.google.com, sí apá “Security”, kí ẹ wo gbogbo áàpù tí ó ní àyè sí àkáǹtì yín, kí ẹ sì gba àyè náà padà lọ́wọ́ èyí tí ẹ kò lò mọ́.

Ìdánwò, àti ohun tí ẹ ó ṣe bí nǹkan bá dàrú

Ẹ ṣe orúkọ kan tí ń jẹ́ “Ìdánwò” lórí fóònù. Ẹ lọ wò ó ní contacts.google.com. Ẹ yí nọ́ńbà rẹ̀ padà níbẹ̀, kí ẹ padà wá wò ó lórí fóònù. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ wò ó pé ó ti kúrò níbi gbogbo. Bí ìrìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yọrí sí rere, ìsopọ̀ yín dúró dáadáa.

Bí ó bá pẹ́ kí àtúnṣe tó dé orí iPhone, ẹ má ṣe rò pé ó ti bàjẹ́. Ẹ wo “Fetch New Data” nínú ètò àkáǹtì Mail. Bí ó bá wà lórí “Automatically”, iPhone kì í béèrè ohun tuntun lẹ́yìn wa àfi ìgbà tí ó bá wà lórí iná, tí ó sì wà lórí Wi-Fi. Ẹni tí ó ń lo dátà fóònù láti àárọ̀ dé alẹ́, bí púpọ̀ nínú wa ṣe ń ṣe, lè wà fún ọjọ́ mélòó kan láìrí orúkọ tuntun. Ẹ yí i sí “Hourly”; dátà tí ìwé orúkọ ń jẹ kò tó nǹkan.

Bí ẹ bá jí lọ́jọ́ kan, tí orúkọ ti pòórá tàbí tí ó ti di ìlọ́po mẹ́ta, ẹ kọ́kọ́ dá ìbáramu dúró lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà kí àṣìṣe náà má bàa máa tàn kálẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní contacts.google.com, ẹ tẹ àmì ètò lókè, kí ẹ yan “Undo changes”. Google lè dá gbogbo ìwé orúkọ yín padà sí bí ó ṣe rí ní wákàtí kan sẹ́yìn, lánàá, ní ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn, tàbí ọjọ́ èyíkéyìí láàárín ọjọ́ 30. Orúkọ kan ṣoṣo tí ẹ ṣèèṣì pa rẹ́ kò nílò èyí. Ó wà nínú “Trash” fún ọjọ́ 30. iCloud ní irú rẹ̀ ní “Data Recovery” lórí icloud.com, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìwé orúkọ tí ẹ bá mú padà níbẹ̀ yóò rọ́pò èyí tí ó wà lórí gbogbo ẹ̀rọ yín. Bí ọjọ́ 30 bá ti kọjá kí ẹ tó fura, fáìlì vCard tí ẹ kó jáde ló kù. Ẹ gbé e wọlé, kí ẹ tún lo “Merge & fix”, kí ẹ tó tan ìbáramu padà lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan.